Ta Ló Dá Ohùn Ọ̀sà Sílẹ̀?

Nígbà yẹn, Tàjùdéèn ọkọ Mùlíkátù ṣì wà láyé, ìyá ọkọ rẹ̀ náà ṣì wà, Ọláwuyì tó wá láti Ọ̀yọ́ sì háyà yàrá kan lọ́dọ̀ wọn ní Ẹ̀pẹ́. Pálọ̀ wọn ni àwọn ọkùnrin méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Ohùn Ọ̀sà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn kò ní àmì ìsàlẹ̀ rárá. Gbogbo ibi tó bá yẹ kó jẹ́ Ẹ̀pẹ́, bí èpè ló ń jáde, inú sì bí ará ìlú gan-an. Ni Tàjùdéèn bá fún ìyàwó rẹ̀ ní bírò, ó ń nàka sí ibi tí yóò ti fi àmì sí. Mùlíkátù ò lè kàwé dáadáa, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wá mọ ọ̀rọ̀ bí èèyàn ṣe ń mọ aládùúgbò.

Tàjùdéèn ti kú tipẹ́. Ọláwuyì gbé iṣẹ́ náà lọ sí Ìtamága ní Ìkòròdú. Lọ́dún tó kọjá, Ògoolúwa ọmọ rẹ̀ wá bá Mùlíkátù, ó ní òun fẹ́ kọ ìtàn bí Ohùn Ọ̀sà ṣe bẹ̀rẹ̀, kí màmá fún òun ní fọ́tò.

"Fọ́tò ta?"

"Ti bàbá wa, mà."

"Bàbá yín wo? Bàbá tiyín ṣáà ní ilé tiwọn."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò bá Mùlíkátù lára mu. Wọ́n fẹ́ yọ orúkọ ọkọ òun kúrò ni! Ta ló kù tó lè jẹ́rìí? Ọláwuyì nìkan.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó wọ mọ́tò lọ sí Ìkòròdú. Ìbíjọkẹ́ ìyàwó Ògoolúwa ló dá a dúró lẹ́nu géètì.

"Bàbá ń sùn, mà."

Ó tún lọ lọ́jọ́ mìíràn, bàbá ń sùn.

"Ìbíjọkẹ́, ṣé wọ́n ń gbowó oṣù lórí oorun yìí ni?"

Ìbíjọkẹ́ ò rẹ́rìn-ín, ilẹ̀ ló ń wò. Mùlíkátù padà sílé tìbínú-tìbínú. Wọ́n ti pa Ọláwuyì lẹ́nu mọ́, kó má baà sọ òótọ́.

Ìgbà tó yá, Ògoolúwa gbé ìwé ìròyìn náà wá fúnra rẹ̀. "Màmá, Tàjùdéèn àti Ọláwuyì ló dá a sílẹ̀. Ohun tí mo kọ nìyẹn."

"Ohun tó o kà sí mi létí nìyẹn. Gbé e wá."

Ó fi ìka tọ ìlà náà. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ló ṣáájú, lóòótọ́. Olóògbé ló wà níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí Tàjùdéèn máa ń kìlọ̀ fún un pé kó má fi àmì ìsàlẹ̀ kankan sí. Ìka rẹ̀ dé orúkọ Ọláwuyì. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà níwájú tòun náà.

"Ògoolúwa. Ìgbà wo?"

Ọmọ náà wólẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì sọ ọ́ síta. Ọ̀la ni ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti Kánádà, kò tíì gbọ́. Ọ̀tunla la máa tó pín ìwé ìròyìn."

Ó ní ọjọ́ tí òun kúrò lọ́dọ̀ Mùlíkátù, bàbá ní kí òun fi orúkọ Tàjùdéèn ṣáájú tàwọn, torí pálọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Mùlíkátù wo ojú ọmọ náà títí, ó ń wá irọ́ níbẹ̀. Omi ló rí.

Ògoolúwa ní láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá ní kí Ìbíjọkẹ́ po ògì fún àwọn. Kí ògì ọ̀hún tó tutù, Ọláwuyì ti dákẹ́.