Ọkùnrin Tó Gbé Ẹsẹ̀ Sókè Nínú Fíìmù

Mo lá àlá kan mọ́jú òní, ẹ̀yin ará ilé, kí ẹ sì tó bi mí, mi ò jẹ ẹ̀wà sùn.

Mo ṣàdédé bá ara mi nínú ilé fídíò Bọ̀ọ̀dá Ràfíù, èyí tó wà lẹ́yìn ilé ìlọta nígbà tí mo ṣì kéré. Wọ́n ti wó ilé náà tipẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún un, ó sì dúró gbọn-in. Èrò kún orí àwọn bẹ́ǹṣì bí ìgbà ọdún. Fíìmù Ṣáínà ni wọ́n ń wò, irú èyí tí òkú máa ń jí dìde tí á máa ja kúńfù. Òkú inú eléyìí ti tú apá òsì ara rẹ̀, ó sì ń fi ṣe kóńdó. Nígbàkígbà tó bá sín, ìrẹsì sísè ló ń tú jáde ní imú rẹ̀. Mo wò ó, mo ní ó dára, mo wá ibi jókòó.

Ẹ mọ̀ pé a kì í gbọ́ èdè àwọn ará Ṣáínà. Bọ̀ọ̀dá Ràfíù tó ni ilé ló máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n láti túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Kò gbọ́ èdè náà jù wá lọ, ṣùgbọ́n òun ló mú igi lọ́wọ́. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ fi igi náà tọ́ka sí ni ẹni tó jẹ́ Ákítọ̀ àti ẹni tó jẹ́ Bọ́ọ̀sì. Ákítọ̀ ni tiwa, Ákítọ̀ kì í kú. Bọ́ọ̀sì ni olórí àwọn ọ̀tá, ó sì gbọ́dọ̀ kú kí a tó lọ sílé. Bí a bá ti mọ èyí, a ti mọ ẹni tí a ó pàtẹ́wọ́ fún, ọkàn wa á sì balẹ̀.

Wàhálà fíìmù yìí ni pé Bọ̀ọ̀dá Ràfíù kò mọ ẹni tó jẹ́ Ákítọ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin kan fò sókè, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú kí ó lè fi ta òkú náà nípàá. Àwọn tó jókòó lápá òsì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní eré apanilẹ́rìn-ín ni, ọ̀dọ́kùnrin yẹn sì ni Ákítọ̀. Àwọn tó wà lápá ọ̀tún fi ọwọ́ bojú. Wọ́n ní eré ẹ̀rù ni, òkú náà ni Ákítọ̀, nítorí ṣe ni wọ́n pa á láìṣẹ̀, ó wá padà wá gba ẹ̀tọ́ rẹ̀.

“Ẹ ò lójú ni?” ẹnìkan kígbe láti apá òsì. “Òkú wo ló ń jẹ́ Ákítọ̀? Ṣebí Ákítọ̀ kì í kú!”

“Ẹ̀yin tí ẹ ń fi òkú rẹ́rìn-ín, tiyín náà ń bọ̀!”

“Kó máa bọ̀! Ẹ ṣáà sọ fún un kó gbé ìrẹsì dání!”

Bẹ́ǹṣì bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Bọ̀ọ̀dá Ràfíù tẹ fíìmù náà dúró, ọ̀dọ́kùnrin náà sì dúró sínú afẹ́fẹ́ tòun ti ẹsẹ̀ nínà. Ọ̀dọ́kùnrin náà bá yí ọrùn sí mi láti inú tẹlifíṣọ̀n.

“Fadérera.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o,” ni mo wí. Inú mi dùn pé ó gbọ́ Yorùbá.

“Àárín lo máa ń jókòó sí, o kì í bá wọn pariwo. Jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ ń dùn mí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń wo fíìmù yìí, ibí yìí ni ìjà ti máa ń bẹ́, ibí yìí náà ni wọ́n ti máa ń dá a dúró. Mi ò tíì fẹsẹ̀ kanlẹ̀ rí.”

“Ẹ kú ìfaradà.”

“Ọ̀rọ̀ ti kọjá ìfaradà. Téèpù ti gbó níbi tí mo wà yìí. Bí wọ́n bá tún dá mi dúró lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò já, orí afẹ́fẹ́ ni n ó sì wà títí ayé. Ìyá mi sì ti bu oúnjẹ dè mí.”

“Apá ń dun èmi náà,” ni òkú wí lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa.

Mo yọ téèpù náà. Ó gbóná bí ọmọ tuntun. Mo ní kí n gbé e lọ bá ọ̀gá tó ń yẹ fíìmù wò, kí ó bá wa sọ ẹni tó jẹ́ Ákítọ̀, kí ìjà lè tán. Ọ́fíìsì rẹ̀ ń léfòó lórí pápá ilé ẹ̀kọ́, ó ga tó orí igi àgbọn, wọ́n sì sá aṣọ sójú fèrèsé rẹ̀.

“Gùn mí,” ni bẹ́ǹṣì tí mo jókòó lé wí. “Àwọn tó wúwo jù ọ́ ti jókòó lé mi rí, wọ́n tún ń jà.”

Mo gùn ún, a gbéra.

Ọ̀gá náà wọ kóòtù, ó kó òǹtẹ̀ méjì síwájú. “Kí lo gbé wá?”

“Fíìmù ni, sà. Àdúgbò ń jà lé e lórí.”

“Ṣé ó ń dẹ́rù bani ni, àbí ó ń pani lẹ́rìn-ín?”

“Méjèèjì, sà.”

“Kò sí méjèèjì níbí. Òǹtẹ̀ pupa ni ti ẹ̀rù, òǹtẹ̀ dúdú ni ti ẹ̀rín.”

Ó gbé òǹtẹ̀ kan sọ́tùn-ún, ó gbé ìkejì sósì, ó sì fẹ́ máa wo méjèèjì pọ̀. Ojú rẹ̀ kan ń lọ sọ́tùn-ún, ìkejì ń lọ sósì, títí wọ́n fi dé ẹ̀gbẹ́ orí. Irùngbọ̀n yọ lágbọ̀n rẹ̀, ìwo tẹ̀ lé e. Ó di òbúkọ. Mo rò ó pé bóyá àkókò ìsinmi rẹ̀ ló tó. Ṣùgbọ́n ó na ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ téèpù náà bí ẹni ń jẹ ewé iṣu.

“Sà, kì í ṣe tèmi o!”

“Mẹ̀ẹ́ẹ̀,” ni ọ̀gá wí, ó gbé e mì.

Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó lójú. Nínú ojú rẹ̀ kan ni ọ̀dọ́kùnrin náà wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà lókè síbẹ̀. Nínú ojú kejì, òkú ló wà, tòun ti apá rẹ̀. Fíìmù ṣì wà láàyè. Mo fi ìborùn mi so ọ̀gá lọ́rùn, mo fà á padà wá sílé fídíò.

“Ṣé kò ní í lo iná?” Bọ̀ọ̀dá Ràfíù béèrè nígbà tí a gbé òbúkọ sí ipò tẹlifíṣọ̀n.

“Koríko ni yóò máa jẹ.”

“A dúpẹ́. Epo jẹnẹrétọ̀ ti fẹ́ sọ mí di aláìnílé.”

Òbúkọ kọjú sí èrò, fíìmù sì fẹ́ máa lọ. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i. Ojú òbúkọ kì í wo ibì kan náà. Ojú kan ni àwọn apá òsì ń rí, ọ̀dọ́kùnrin nìkan ló wà níbẹ̀. Ojú kejì ni àwọn apá ọ̀tún ń rí, òkú nìkan ló wà nínú tiwọn. Ìjà tún bẹ́. Bọ̀ọ̀dá Ràfíù na ọwọ́ kí ó tẹ òbúkọ nímú láti dá a dúró.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ dákun! Téèpù á já!” Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo yíjú sí èrò. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pààrọ̀ àyè. Kí òsì bọ́ sọ́tùn-ún, kí ọ̀tún bọ́ sósì.”

“Kí n lọ jókòó láàárín àwọn olójo?”

“Kí n bọ́ sáàárín àwọn wèrè?”

Ẹsẹ̀ ọ̀dọ́kùnrin náà ti ń gbọ̀n. Mo rí i kedere.

Ìyá Sàbítíyù, arúgbó tó jókòó lápá òsì láti ìbẹ̀rẹ̀ tí kò rẹ́rìn-ín, tí kò sì bínú, ló dìde. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ mọ́ abíyá. “Ẹ sún fún mi lọ́hùn-ún. Mo ti wo ti ìhín tó.” Ó lọ, ó jókòó, ó tẹjú mọ́ òkú náà.

“Ẹ̀rù ń ba òkú yìí,” ló wí. “Ẹ ẹ̀ rí i? Apá yẹn kì í ṣe kóńdó. Ó fi ń bo ojú ni, kí wọ́n má baà ta á nípàá.”

Àwọn apá òsì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ kẹ́lẹ́ lọ wò ó, ẹ̀rín sì kú lẹ́nu wọn. Bí àwọn apá ọ̀tún kò ṣe rí àyè mọ́, wọ́n kọjá sósì. Obìnrin kan nínú wọn wo ọ̀dọ́kùnrin náà, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ wo ojú ọmọ yìí! Fífò ló mọ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀!”

Bọ̀ọ̀dá Ràfíù gbé igi rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. “Ó yá, túmọ̀ rẹ̀. Ta ni Ákítọ̀?”

Mo gbé igi náà sọ́dọ̀ ẹnì kìíní, mo gbé e sọ́dọ̀ ẹnì kejì, mo sì gbé e sílẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀ ná,” ni mo wí.

Kò sẹ́ni tó tẹ òbúkọ nímú. Ọ̀dọ́kùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀, jẹ́ẹ́, bí ìyẹ́ ẹyẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú láìfi kàn án, ó balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà ti kú, kò lè gbé e dúró. Òkú ju apá tó ń fi bojú nù, ó sì fi èyí tó kù gbà á mú. Wọ́n rọra jókòó sílẹ̀ pọ̀, àwọn méjèèjì sì wà nínú ojú òbúkọ méjèèjì.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. A ò mọ ẹni tí à bá pa á fún.

“Ṣé ó ti parí ni?” ẹnìkan béèrè.

“Kò jọ ọ́.”

Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó dìde.

Ariwo ló jí mi. Gbogbo agboolé ló fi ẹnu kan ké e, láti yàrá iwájú dé ti ẹ̀yìn: “Wọ́n ti mú iná dé o!” Ilẹ̀ ti mọ́. Mo fẹ̀yìn lélẹ̀, mo ń wo fáànù àjà tí kò tíì yí láti ọjọ́ tí iná ti lọ. Apá rẹ̀ kan gbọ̀n, ó dúró, ó tún gbọ̀n. Mi ò dìde títí ó fi yí dáadáa.