Ìbọ̀sẹ̀ Ọba Tó Kú

"Bọ́ ìbọ̀sẹ̀ yẹn!"

"N ò bọ́ ọ, sà."

"Mọ́ṣúdù, ọba ayé àtijọ́ kì í wọ ìbọ̀sẹ̀!"

"Ọba ti kú, sà. Òkú ni mí. Òtútù sì máa ń mú òkú."

Àwọn òṣèré bú sẹ́rìn-ín. Inú Ọ̀gá Àyàndìran ń hó bí ọbẹ̀ tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Gbọ̀ngàn ilé-ìwé tó ti ń kọ́ni ní Bódìjà ni wọ́n wà, lọ́sàn-án Sátidé kan ní 1984. Ogún ọdún ló ti ń kọ eré, tó ń darí eré, tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń rìn bí ọba. Àwọn tó kọ́ ti là, wọ́n ń gun Pijó kọjá lára ẹ̀ ní Dùgbẹ̀, wọn kì í tiẹ̀ tẹ hóònù kí i. Eré tiẹ̀ ò dé orí tẹlifíṣọ̀n rí. Òní ló kàn. Òní ni gbogbo ayé máa rí i kà: Àyàndìran ló darí ẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ pupa wá fẹ́ bà á jẹ́!

Fúnlọ́lá, obìnrin tẹlifíṣọ̀n tó ń bójú tó kámẹ́rà, wo aago ọwọ́ ẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, aṣọ funfun la máa fi bò ó látorí dé ẹsẹ̀. Ta ló máa rí ìbọ̀sẹ̀?"

"Èmi! Èmi ni mo pa ọba! Mo lè jí i dìde, kí n tún un pa láìwọ ìbọ̀sẹ̀!"

"Ẹ tètè jí mi, sà," ni Mọ́ṣúdù wí látilẹ̀. "Ebi ń pa mí."

Ọ̀gá fò mọ́ ẹsẹ̀ òkú. Ó ń fa ìbọ̀sẹ̀, òkú di àga mú, Àbẹ̀ḿbí tó ń ṣe ayaba di òkú mú. Ìbọ̀sẹ̀ nà, ó nà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ju ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ. Lójijì ló bọ́, Ọ̀gá fìdí janlẹ̀ gbì!

Àbẹ̀ḿbí kúnlẹ̀. "Ẹ máà bínú, sà. Ẹ jẹ́ ká ṣeré."

"Kó bọ́ èkejì."

"Ẹ ti ní ọ̀kan, mo ní ọ̀kan," ni Mọ́ṣúdù wí. "Ká pín in bẹ́ẹ̀, sà."

"Ó dáa!" Ọ̀gá gbá ìwé eré náà mú lórí tábìlì, ó há a sábẹ́ abíyá. "Mo ń gbé eré mi lọ. Ẹ máa wo kámẹ́rà bí ewúrẹ́!"

Ó jáde. Kò rántí pé ogún ọdún lòun fi ń lé ẹnikẹ́ni tó bá mú ìwé wá síbi ìdánrawò. "Orí ni kẹ́ ẹ há ọ̀rọ̀ sí!" ló máa ń pariwo. Kò sẹ́ni tó ṣí ìwé yẹn rí nínú wọn; ẹnu ẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ gbogbo ẹ̀.

"Ta ni ká kọ pé ó darí ẹ̀?" Fúnlọ́lá bi wọ́n.

Òkú ti fa aṣọ funfun bora, ó na ọwọ́ sókè lábẹ́ ẹ̀.

Ọ̀gá ti dé géètì nígbà tí Àbẹ̀ḿbí figbe ta, ẹkún ayaba inú eré, tó dún bí ẹkún gidi. Ó dúró, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ ò rí i! Wọ́n ti ń sunkún. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe láìsí mi?"

Ó dá takisí tó ń lọ Ring Road dúró, ó wọlé, ó gbé ìwé lé itan bí ẹni gbé ọmọ. "Ẹ sáré díẹ̀," ló sọ fún dẹ́rẹ́bà. "Kí wọ́n tó dé ilé mi wá bẹ̀bẹ̀, mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn."