Ọkọ̀ Òfuurufú ní Ipò Bàbá

Màmá kọ̀, kò jókòó. Láti ìgbà tó ti wọ pálọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Bódìjà, báàgì rẹ̀ ṣì wà ní èjìká, gèlè tó wé wá láti Ìgbẹ́tì ṣì le kankan lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ sì wà lára ògiri, lókè àga ńlá.

"Ta ló sọ ọkọ mi kalẹ̀?"

Motúnráyọ̀, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ti kúnlẹ̀ pẹ̀lú omi tútù lọ́wọ́. "Mọ́mì, ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ mumi ná."

"Mo ní ta ló sọ ọkọ mi kalẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó sọ̀ wọ́n kalẹ̀, mà. Gíláàsì wọn ló là. Wọ́n wà lọ́dọ̀ onífírémù ní Ṣàngó."

Irọ́ funfun báláú ni. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni fọ́tò Bàbá wà, nínú àǹkárá àtijọ́ kan. Ní Sátidé tó kọjá, nígbà tí Motúnráyọ̀ gbọ́ pé ìyá ọkọ òun ń bọ̀, ó ní òun yóò tún ilé ṣe débi tí wọn ò ní rí àléébù kankan sọ. Ó fọ aṣọ fèrèsé, ó nu fáànù, ó sì gbé fọ́tò Bàbá lọ sẹ́yìnkùlé, ó da omi ọṣẹ lé e lórí, ó fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ àwo ọbẹ̀, ó wá gbé e ti ògiri kí oòrùn lè mú un gbẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá tirẹ̀ ṣe máa ń fọ fọ́tò ní ọdọọdún tí Kérésì bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n fírémù Bàbá ti gbó, omi sì ti ẹ̀gbẹ́ wọlé. Nígbà tó máa fi ṣí i, ojú Bàbá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ó rọra fi èékánná ṣí i, ojú náà sì bó kúrò lára ìwé. Fìlà kù, agbádá kù, Bíbélì tó wà lọ́wọ́ wọn kù. Àárín fìlà àti agbádá wá funfun bí òwú.

Fọ́tò kan ṣoṣo tó kù láyé nìyẹn. Iná ti jó ìyókù mọ́ ilé wọn ní Ìgbẹ́tì, Màmá sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé èyí lé Olúgbádé, àkọ́bí rẹ̀, lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Motúnráyọ̀ mọ̀ pé bí obìnrin yìí bá fi lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, òun kò tún ní jẹ́ èèyàn mọ́ nínú ẹbí náà.

Àwòrán kan tó jẹ́ tirẹ̀ ló gbé kọ́ sípò Bàbá, èyí tó rà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹrù àlòkù ní Dùgbẹ̀ kó tó lọ́kọ. Àwòrán nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni, kò ní àwọ̀ ju dúdú àti funfun lọ. Ọkọ̀ òfuurufú kan tí kò ní ìyẹ́ ló wà níbẹ̀, tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ bíi bàlúùnù àwọn ọmọdé. Ó gùn gbọọrọ, ó sì léfòó lókè ilẹ̀ yìnyín tí kò ní igi, tí kò ní ilé. Nísàlẹ̀, àwọn ọkùnrin mélòó kan, tí wọn ò tóbi ju èèrà lọ, di okùn rẹ̀ mú. Motúnráyọ̀ kà á nínú ìwé kan tó yá pé irú wọn ń wá ibi tí ayé pin sí lápá àríwá, àti pé àwọn mìíràn lọ tí wọn ò bọ̀. Yàrá ló kọ́ ọ sí tẹ́lẹ̀. Tí ayé bá sú u, á dùbúlẹ̀, á máa ro bí òtútù ibẹ̀ ti máa rí, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè pe orúkọ òun.

Màmá na ìka sí i. "Kí lèyí?"

"Ọkọ̀ òfuurufú ni, mà. Tayé àtijọ́."

"Ọkọ̀? Pósí ni mò ń wò yìí. Pósí tó ń fò!" Ó rẹ́rìn-ín tí kò dénú. "Ẹ tiẹ̀ wo àwọn tó ń fi okùn wọ́ ọ. Sàréè ni wọ́n ń wá."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Ilé tí ọkọ mi ò ti ríbi gbé, ibo lèmi fẹ́ jókòó sí? Gbé omi ẹ kúrò níwájú mi."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan dúró, tí ọ̀kan kúnlẹ̀, títí omi inú ife fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọ̀sán ti pọ́n kí Olúgbádé tó ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Olúyọ̀lé dé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Mọ́mì mi! Ẹ kú ìrìn o. Kí ló dé tẹ́ ẹ wà lórí ìdúró?"

"Àjàní," Màmá fi oríkì pè é, "níbo ni bàbá ẹ wà?"

"Wọ́n wà lọ́dọ̀ onífírémù, mà. Ráyọ̀ ló gbé wọn lọ."

"O rí i nígbà tó ń gbé wọn lọ?"

Olúgbádé wo ìyàwó rẹ̀. "Ó sọ fún mi ni."

"Ó sọ fún ẹ. Ó dáa. Mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ẹ. Ṣàngó ò jìnnà síbí, ká lọ gbé wọn bọ̀, ì báà jẹ́ pé wọn ò tíì tún wọn ṣe. Ọkọ mi kì í sùn síta nígbà tí wọ́n wà láyé."

"Ráyọ̀, wọ bàtà ẹ, wá fi ṣọ́ọ̀bù hàn wá."

Motúnráyọ̀ gbójú sókè wo àwọn ọkùnrin orí yìnyín. Ó ṣe é bíi kí ó pariwo sí wọn pé kí wọ́n jáwọ́ lára okùn yẹn, kí nǹkan náà máa lọ.

"Kò sí ṣọ́ọ̀bù kankan," ló sọ.

Ó dìde, orúnkún rẹ̀ ti kú tipiri, ó wọ yàrá, ó sì gbé àǹkárá náà jáde. Màmá tú u. Ó fi àtàǹpàkò kan ibi funfun náà jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná.

"O parọ́ fún mi?" Olúgbádé kọjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ráyọ̀, èmi lo parọ́ fún?"

"Mo ń fọ̀ ọ́ ni. Mo fẹ́ kó mọ́ kí Mọ́mì tó dé."

"Níbo lo gbé wọn sí?" Màmá ò pariwo.

"Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mà."

"Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tẹ́ ẹ̀ ń sùn lé."

"Ẹ má bínú, Mọ́mì. Ẹ dákun, ẹ foríjì mí."

"Mi ò bínú. Inú bíbí máa ń tán. Àjàní, sọ nǹkan yẹn kalẹ̀."

Olúgbádé gun àga, kò wojú ìyàwó rẹ̀. Ó sọ ọkọ̀ òfuurufú náà kalẹ̀. Màmá na fọ́tò Bàbá sí i.

"Mọ́mì, báyìí? Wọn ò mà lójú."

"Báyìí gan-an. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀ wọ́n kalẹ̀ títí èmi náà á fi kú. Tí àlejò bá sì bi yín, ìyàwó ni kó dáhùn. Á máa sọ bó ṣe ṣe é." Ó yíjú sí Motúnráyọ̀. "Ibi tó o gbé ọkọ mi sí, ibẹ̀ ni kó o gbé pósí ẹ sí."

Motúnráyọ̀ fi àǹkárá yẹn kan náà wé àwòrán rẹ̀, ó sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, síbi tí eruku wà. Kò tíì dìde tán nígbà tó gbọ́ tí àga ńlá ké ní pálọ̀.

"Ìyàwó," ni Màmá pè, "mo ti jókòó. Bu omi tútù wá."

Ó bu omi. Ó kúnlẹ̀ sábẹ́ fìlà àti agbádá náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife sókè, Màmá sì mu ún tán láìmí.