Àwo Oúnjẹ Sagbo

Kí n tó kúrò nílé ní Morogbo lọ́jọ́ Sátidé yẹn, Aaliyah ọmọ mi dì mí lápá mú. Ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹnu yín sílẹ̀ sílé lónìí." Mo bú u dáadáa. Ṣùgbọ́n kò parọ́. Ẹnu mi yìí ti lé ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ó ti lé aládùúgbò. Ní gbogbo ìgbà tí èmi àti ọkọ mi fi gbé ní Kano, n kò ní ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo. Àwọn tá a jọ ṣe girama ní Badagry ló kù fún mi láyé, mo sì fẹ́ kí wọ́n gbà mí padà. Mo búra pé n kò ní ba ti òní jẹ́.

Ilé Mosúnmọ́lá létí ọ̀sà la ti pàdé. Háà, ẹ gbọ́ ariwo! Démọ́lá, tí irun ti tán lórí ẹ̀, ló kọ́kọ́ kígbe pé, "Ata!" Bí wọ́n ṣe ń pè mí níléèwé nìyẹn, nítorí ẹnu mi. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mosúnmọ́lá ní kí n wá máa bu oúnjẹ fáwọn èèyàn, mo sì sọ lọ́kàn mi pé ó ti parí, mo ti di tiwọn padà.

Ìgbà yẹn ni Zinsu wọlé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọkọ̀ ojú omi dé láti Topo. Ègùn ni, ìbejì sì ni òun àti Sagbo. Ẹ̀yìn mi làwọn méjèèjì ń jókòó sí ní kíláàsì. Sagbo ni mo máa ń bú jù, torí ọ̀lẹ paraku ni, Zinsu ló máa ń lọ gbé oúnjẹ ẹ̀ wá fún un. Èébú mi kì í sì í dun ọmọ yẹn rárá. Yóò kàn fọwọ́ lérán ni, yóò ní, "Ata, tún un sọ."

Mo bi Zinsu pé, "Sagbo ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àwa méjèèjì la wá."

Mo rò pé Sagbo wà nídìí ọkọ̀ níta ni.

Nígbà tó kan Zinsu, mo bu ìrẹsì fún un, mo gbé ẹja lé e. Kò kúrò níwájú mi. Ó ní, "Bu ti Sagbo náà." Mo wo ẹja tó kù nínú ìkòkò, mo wo àwọn tó ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀, inú bí mi.

"Ẹ gbà mí o! Sagbo ò tíì yí padà? Títí di bá a ṣe dàgbà yìí, ìwọ náà lo ṣì ń gbé oúnjẹ fún un? Kó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wá gbé e jàre! Àbí ó ti kú ni?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín.

Démọ́lá wolẹ̀. Zinsu rọra gbé àwo tiẹ̀ sórí tábìlì, kò tọ́ ọ wò, ó sì jáde lọ sétí omi.

Mosúnmọ́lá fà mí lọ sẹ́yìn ilé. "Hùmúàní, ìjì ló ká Sagbo mọ́ orí ọ̀sà nígbà tí o wà ní Kano. Ọkọ̀ ẹ̀ dojú dé."

"Kí ló dé tí ẹnì kankan ò sọ fún mi?"

"Ṣé wọ́n máa ń sọ pé ìbejì kú ni? Ibi tí Zinsu bá ti fẹ́ jẹun, wọ́n á bu ti èkejì ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Badagry níbí ṣáà la bí ọ sí. Ẹja tí o sì ń ṣọ́ yẹn, Zinsu ló fi ránṣẹ́ sí wa lánàá."

Ìtìjú bò mí. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Mo mọ àṣà yẹn kẹ̀! Ìbejì wà ládùúgbò wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo jẹ ẹ̀wà wọn yó. Tí mo bá dákẹ́ díẹ̀ péré kí n ronú, ǹ bá ti mọ ohun tí Zinsu ń sọ. Èmi tí mo búra!

Mo bu àwo kejì, mo ṣa ẹja tó tóbi jù lé e, mo gbé méjèèjì kọjá níwájú gbogbo wọn. Ẹnì kankan nínú wọn ò pè mí ní Ata mọ́.

Zinsu jókòó sétí ọkọ̀ ẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. "Zinsu, jọ̀ọ́, má bínú. Ẹnu mi ló kó bá mi."

Ó gba àwo lọ́wọ́ mi, ó gbé ti Sagbo kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ẹ̀ lórí pákó. Ó wò ó títí.

"N kò bínú," ó ní. "Àtọjọ́ ìjì yẹn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni gbogbo èèyàn ń dárúkọ ẹ̀. Kò sẹ́ni tó bú u mọ́. Ata, tún un sọ."

Mo la ẹnu. Mo wo ìrẹsì yẹn, mo wo ẹja yẹn, ojú tì mí débi pé mo fi hìjáàbù bo ojú mi.

Zinsu ṣì ń dúró.