Koríko Tó Bo Falaniko

Bí àlejò kò bá wá lọ́dún yìí, àwọn ọmọ Telesia máa mú un lọ sí Auckland lókè òkun, kò sì ní sí ẹni tí yóò máa bá Falaniko sọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀ ni Falaniko. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ahéré mẹ́rin tí wọ́n fi ń gba àlejò létí òkun ní erékùṣù Savai'i. Nígbà tó kú, iwájú ilé la sin ín sí, bí a ṣe ń sin ẹni wa, a mọ sàréè rẹ̀, a kùn ún ní funfun. Láràárọ̀ ni Telesia ń jókòó lé e, tó ń ròyìn fún un nípa ẹja tó wọ́n àti ìwàásù pásítọ̀ tí kì í tán. Kò fojú rí i látìgbà tó ti kú, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ó ń gbọ́.

Penina, àbígbẹ̀yìn wọn tó ń tẹ̀wé ní Apia, olú-ìlú wa, ló sọ pé ìwé ìpolówó ló kù. Ó ya fọ́tò ilé, ó kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó ní àlejò kì í kàwé púpọ̀, ojú ni wọ́n fi ń yan ibi tí wọ́n máa sùn. Ibi sàréè lọ̀rọ̀ ti há.

“Màmá, òyìnbó ò lè sùn síwájú òkú. Ẹ jẹ́ n fi koríko bò ó. Nínú fọ́tò lásán ni.”

“Bàbá ẹ lò ń pè lókùú yẹn.”

“Mo mọ̀. Ṣé ẹ fẹ́ dúró tì wọ́n, àbí ẹ fẹ́ lọ sí Auckland?”

Telesia ní kó ṣe é bó ṣe fẹ́.

Ìwé náà dé, koríko ló wà níbi tí sàréè wà, ó rẹwà ju ilé gan-an lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Telesia jókòó sórí sàréè, ó sọ̀rọ̀ títí, kò sí ẹni tó ń gbọ́. Sìmẹ́ńtì lásán ló kù. Ẹ̀rù bà á. A máa ń sọ pé òkú tó bá padà wá ló ń dẹ́rù bani. Ẹ bi obìnrin yìí, èyí tó bá kúrò nílé ló burú jù. Ó bẹ Falaniko, ó bú u, ó gbé ife kòkó gbígbóná síwájú rẹ̀. Kòkó náà tutù síbẹ̀.

Àlejò dé lóòótọ́, tọkọtaya arúgbó kan, pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́. Ìyàwó wo sàréè, ó wo ìwé, ó béèrè ẹni tí wọ́n sin síbẹ̀. Ẹnu Telesia yá ju ọkàn rẹ̀ lọ.

“Ẹni tó ni ilẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀ ni.”

Obìnrin náà ní ó jọ ohun tí bàbá kan sọ fún àwọn lójú títì, bàbá tó ká ẹní sábẹ́ apá, tó júwe ọ̀nà fún àwọn.

“Ó ní òun lòun kọ́ àwọn ahéré yìí, àmọ́ kò sáyè òun níbẹ̀ mọ́. A ní ká fi ọkọ̀ gbé e padà, ó ní ibi tóun ń lọ ò gba ọkọ̀.”

Telesia kò gbọ́ ìyókù. Ó ti sáré bọ́ sójú títì láìwọ bàtà, ó ń pe Falaniko, ó ń sọ pé irọ́ lòun pa, ọkọ òun ni. Ojú títì dá páropáro.