Àwọn Kípà Tí Mo Lọ Tọrọ

Ìyá Dámọ́lá, jókòó ná, má tíì gbé omi kaná, jẹ́ n sọ àlá tí mo lá kí n tó gbàgbé. O mọ̀ pé kípà kan ṣoṣo ni mo ní nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, Wásíù, tí ìka rẹ̀ yẹ̀ lánàá. Nínú àlá, mò ń wá kípà kún un, ni mo bá gbé iṣu wọ pálọ̀ kan tí koríko pápá hù sí. Mo dọ̀bálẹ̀ fún màmá onílé, mo ní a rí òdòdó kan lọ́gbà yín. Màmá ní, "Ẹ káàbọ̀, àna wa."

Wọ́n mú ẹnì kan jáde, wọ́n fi ìborùn bò ó lórí bí ìyàwó. Mo ṣí i, kípà gíga kan ni, ìbọ̀wọ́ rẹ̀ tóbi bí atẹ. O ṣáà mọ̀ pé ẹni àkọ́kọ́ kì í ṣe ìyàwó, ńṣe ló yẹ kéèyàn kọ̀ ọ́, kí wọ́n lọ mú ojúlówó wá. Èmi ní, "Èyí náà ni!" Wọ́n mú òmíràn wá. "Èyí náà ni!" Wọ́n di mẹ́fà lórí àga, wọ́n ń jẹ iṣu tí mo gbé wá, inú mi dùn débi pé mò ń jó. Màmá ní, "Kóòṣì, ẹ mà lójú kòkòrò o! Ó ku ẹyọ kan."

Mo ṣí ìborùn. Wásíù ni, ó di ìka rẹ̀ mú, ó ń wo àwọn mẹ́fà. Ó ní, "Kóòṣì, ṣé kí n máa lọlé ni?" Màmá bi mí pé, "Èyí ńkọ́?"

Igbe "Òun gan-an ni!" tí mo ké ló jí ẹ yẹn.