Ọjọ́ Tí Ọ̀ṣunfúnmi Lọ Wo Ìbàdàn

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Fẹ̀yìntọlá gbé àpò ẹ̀lùbọ́ náà kúrò nínú búùtù ọkọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni ìyá rẹ̀ gbé e padà síbẹ̀. Àpò ẹ̀lùbọ́ kan, iṣu mẹ́fà, àgbébọ̀ adìyẹ kan tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Ta ló ń di irú ẹrù bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ lọ wo ìlú? Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago mẹ́jọ ti kọjá ogún ìṣẹ́jú, wọn kò sì tíì kúrò lábà.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi jókòó ti máàpù orí fóònù rẹ̀ nílé tó ń gbé ní Ajíbọ́dè, tó ń to ọjọ́ Sátidé yìí bí ẹni ń to igbá. Gbogbo ibi tó súnmọ́ra ló kó pọ̀ sójú kan. Gbọ̀ngàn Màpó ló kọ́kọ́ fi sí, kí èrò Ọjà'ba tó kún. Láti ibẹ̀, wọ́n á gba Bẹẹrẹ dé Òkè Àrẹ̀, níbi ilé ìṣọ́ tí wọ́n ń pè ní Láyípo. Ọgbà Agodi á di ọ̀sán, ilé àwòṣífìlà ti Dùgbẹ̀ á di ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n tó lọ sùn sí Ajíbọ́dè. Ọgbà ẹranko Yunifásítì kò jìnnà síbẹ̀, ìyẹn á di ti ọjọ́ Àìkú. Kò sí ojú ọ̀nà kan tí wọ́n máa rìn lẹ́ẹ̀mejì.

Ìdí wà tó fi ń kánjú. Lóṣù tó kọjá, dókítà ojú pe Fẹ̀yìntọlá nìkan sẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ó ní àìsàn tó ń ṣe Ìyá ti jẹ iṣan ojú wọn lọ jìnnà, pé oògùn tí wọ́n ń kán sójú á fà á sẹ́yìn díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọdún tó yí po, bóyá ni Ìyá á lè rí ju ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn lọ. Fẹ̀yìntọlá kò lè sọ ọ́ fún Ìyá. Ohun tó sọ ni pé, ẹ jẹ́ ká lọ wo Ìbàdàn.

Ìyá, ìyẹn Ọ̀ṣunfúnmi, wọ òfì, wọ́n wé gèlè, wọ́n jókòó síwájú ọkọ̀ bí ìyàwó ojú ọ̀nà. Bí ọkọ̀ ṣe ń gbọ̀n wọ́n nínú kòtò títí dé Adégbayì ni ọmọ wọn ń ka ètò ọjọ́ náà fún wọn, Ìyá sì ń mi orí. Wọ́n ní ó dáa, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kó ti fura. Ẹni tó bá gbọ́ irú "ó dáa" yẹn lẹ́nu obìnrin tó ti lé láàádọ́rin ọdún, kó yáa wá ibi jókòó sí.

Aago mẹ́wàá ti lù kí wọ́n tó gun Òkè Màpó. Ó ń wá ibi tó máa gbé ọkọ̀ sí nígbà tí Ìyá na ọwọ́ sí ọ̀nà tóóró kan lẹ́yìn Ọjà'ba, wọ́n ní kó yà síbẹ̀. Ó béèrè pé kí ló wà níbẹ̀.

"Ilé ni," ni Ìyá wí.

Kò sí ọmọ oko Ìbàdàn tí kò mọ èyí: abà là ń gbé, àárín ìlú nilé wà. Èèyàn lè fi ogójì ọdún gbé oko, agboolé rẹ̀ nínú ìlú ni yóò máa pè ní ilé, kò sì ní kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láìyà. Fẹ̀yìntọlá náà mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ oṣù àti yàrá méjì ní Ajíbọ́dè ló jẹ́ kó gbàgbé, tó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé Màpó, ẹ̀gbẹ́ agboolé Ìyá gan-an, síwájú gbogbo ètò, nítorí kó má baà fi àkókò ṣòfò. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kàn fi ìṣẹ́jú márùn-ún wo gbọ̀ngàn náà ná. Wọ́n ní gbọ̀ngàn náà kò lọ síbì kan.

Mùjíbátù, ìyàwó ilé, ló kọ́kọ́ rí wọn. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ní Adúmáadán òun dé, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Kí a tó ṣẹ́jú, àgbàlá ti kún. Ògúntúyì, àbúrò Ìyá, tẹ ọ̀pá jáde wá gba adìyẹ. Wọ́n gbé àga sábẹ́ òrùlé, Ìyá ní ojú oòrùn lòun ń fẹ́. Wọ́n jókòó síbẹ̀ tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ onítọ̀hún mú, wọ́n á fà á mọ́ra, wọ́n á ní kó sọ̀rọ̀. Mùjíbátù rẹ́rìn-ín, ó ní kí lòun fẹ́ sọ. Wọ́n ní ohunkóhun. Ó bá ròyìn orúnkún tó ń dùn ún. Lateef tó ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì sọ ti bọ́ọ̀lù, ìyá rẹ̀ sọ ti ọjà. Ògúntúyì tún ẹjọ́ ilẹ̀ kan rò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, Ìyá kò sì gbé ojú kúrò lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi parí.

Fẹ̀yìntọlá jókòó, ó dìde. Ó lọ sídìí ọkọ̀, ó padà. Nígbà tí aago méjìlá lù, ó yọ Màpó kúrò nínú ètò. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró, ó yọ Agodi. Inú ń bí i, ojú sì ń tì í pé inú ń bí i láàárín àwọn èèyàn tó ń yọ̀ mọ́ ọn. Òun nìkan ló mọ iye ọjọ́ tó kù fún ojú yẹn, àwọn wọ̀nyí sì ń fi orúnkún àti bọ́ọ̀lù jẹ ẹ́.

Aago mẹ́ta kọjá dáadáa kó tó rí Ìyá fà wọ inú ọkọ̀. Ó sáré gun Òkè Àrẹ̀, ó dúró sí ìsàlẹ̀ Láyípo, ó ní kí wọ́n sọ̀kalẹ̀, pé ẹni tó bá dé òkè yẹn á rí gbogbo ìlú. Ìyá kò mira.

"Ìyá, kí la wá ṣe gan-an? Ẹ ò wo Màpó, ẹ ò wo Agodi. Àwọn tẹ́ ẹ ti mọ̀ látọjọ́ yìí lẹ fi gbogbo ọjọ́ wò."

Ìyá ń tú gèlè wọn. "Ohùn Mùjíbátù àti ti ìyá Lateef jọra," ni wọ́n wí. "Bí ojú yìí bá lọ tán, mi ò fẹ́ kí wọ́n kí mi kí n máa béèrè pé ta nìyẹn. Bẹ́ni kan bá ti lanu, mo fẹ́ kí ojú ẹ̀ wá bá mi."

Fẹ̀yìntọlá béèrè pé: "Ta ló sọ fún yín?"

"Ojú ta ni kẹ̀?"

Ó di ìdarí ọkọ̀ mú, ó tẹjú mọ́ iwájú. Oṣù kan ló fi ń dá nìkan gbé ọ̀rọ̀ náà kiri, tó ń tò ó, tó ń tún un tò, Ìyá sì ti ṣe ètò tiwọn tán láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ ṣì ń kùn lábẹ́ wọn.

"Pa á," ni Ìyá wí. "Ìwọ ló kù. Àtàárọ̀ tá a ti jáde, ẹ̀gbẹ́ ojú nìkan ni mò ń rí. Kọjú sí mi."

Ó pa á. Àtẹ́lẹwọ́ tó le láti ara bíbó ẹ̀gẹ́ dì í mú lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ó yí ojú rẹ̀ síbi tí oòrùn ti ń wọlé.

"Kí ni kí n sọ, Ìyá?"

"Ohun tó bá wà níbẹ̀."

"Ẹ̀rù ń bà mí," ni Fẹ̀yìntọlá wí.

Ojú Ìyá wà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń wo bó ṣe ń sọ ọ́. Ó tún un sọ, díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n lè rí i dáadáa.